Ìtàn Ìgbésí Ayé Tíṣà Àtẹ̀gùn, Tó Ṣílẹ̀kùn Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tí Kò Parí Ilé-Ìwé

Ní ọdún 1964 ni a bí olóògbé, ní yàrá ẹ̀yìn ilé alájà méjì kan tó kọjú sí ọgbà ojú irin. Bàbá rẹ̀ ni alátùn-únṣe aago tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kò-Yẹ̀, nítorí pé bó bá dá ọjọ́ fún ènìyàn, ọjọ́ náà kì í yẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ télọ̀ tó ń rán aṣọ ilé-ìwé. Ọmọ méjì péré ni wọ́n bí: ọkùnrin kan, tó di káfíńtà, àti olóògbé, obìnrin, tó tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ olóògbé fẹ́ kí a máa pè é ní "wọ́n" nínú ìwé yìí, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ àgbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Àbúrò kì í dàgbà lójú ẹ̀gbọ́n, nítorí náà "ó" ni a ó máa lò.

Ó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970. Ọdún yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ilé-ìwé ọ̀hún sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin. Tíṣà kan ló ní kó dìde kàwé, ó kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, tíṣà bá ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún olódo. Ọmọ náà kó báàgì rẹ̀, ó jáde. Bàbá nà án, kò padà. Ìyá bẹ̀ ẹ́, kò padà. Tíṣà náà pẹ́ láyé dáadáa kó tó kú, àdúgbò kan náà ni wọ́n sì ń gbé, ṣùgbọ́n káfíńtà kò kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Olóògbé kò gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bó bá ti dé láti ilé-ìwé lọ́sàn-án, yóò fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé, òun fúnra rẹ̀ á dúró lókè. Bí o bá gba ìbéèrè kan, o gun ìpele kan. Bí o kò bá gbà á, kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Á dúró, á fọwọ́ lérán, á yí ìbéèrè náà padà.

"Ìwọ kọ́ lo kùnà," ló máa ń wí. "Èmi ni mi ò tíì bi ọ́ dáadáa."

Ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ! Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Tíṣà Àtẹ̀gùn. Orí àtẹ̀gùn yẹn ni káfíńtà ti kọ́ ìwọ̀nba ìwé tó fi ń kọ èyí.

Ó parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní ọdún 1984, ó sì gba oyè ilé-ìwé gíga ní ọdún 1990, lẹ́yìn tó ti fi owó iṣẹ́ olùkọ́ sanwó ara rẹ̀. Ní ọdún 1991 ló fẹ́ ọkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Káfíńtà kò gba tiẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ọjọ́ tó wá mọ ilé, ó jókòó sórí àga tí fáníìṣì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó ti dárí jì í báyìí. Àga náà ṣì wà, ojú ìdí rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Ní ọdún 2013, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan mú un sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ni, láìsí ìdánwò, láìsí owó, níbikíbi tó bá wà, bí fóònù bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lè wà nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Àwọn yòókù ní ẹ̀ka náà ń ṣe ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ti kàwé tó tún fẹ́ kà sí i. Olóògbé ní òun fẹ́ ṣe ti ẹni tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Ó fi ọdún mẹ́ta ṣe é. Ó pe ẹ̀kọ́ náà ní "Wọ̀n Ọ́n, Kà Á, Yà Á." Fún oníṣẹ́ ọwọ́ ni: bí a ṣe ń wọn nǹkan, bí a ṣe ń ka àwòrán ilé tàbí ti àga, àti ní ìparí, bí a ṣe ń ya àwòrán tara ẹni kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjìlá, ohùn rẹ̀ ló wà nínú gbogbo wọn. Kò sí èyí tó gùn ju àsìkò tí omi fi ń hó lọ. Kí ó tó gbé èyíkéyìí jáde, á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á fi fóònù ti agolo gúlúù, á gbọn lẹ́bú igi kúrò lórí àpótí, á sì jókòó. Kì í wo fóònù. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Bí ọwọ́ yẹn bá ti nà sí ìfági, á dá fídíò dúró.

"Kí ló lé ọ dìde níbí?"

"O ti sọ̀rọ̀ jù."

"Ọ̀rọ̀ wo nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Fi igi hàn mí, jàre."

Á lọ, á gé e, á tún un ṣe, á tún gbé e wá. Ẹ̀kọ́ kẹrin nìkan, nǹkan tí ojú rẹ̀ rí kò kéré. Ohun tó gbàgbọ́ kò ju ọ̀kan lọ, ó sì kọ ọ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀: ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dìde, ibẹ̀ ni olùkọ́ ti ṣubú.

Ní ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i. Àwọn bíríkìlà wọ̀ ọ́, àwọn tó ń ṣe páìpù omi, àwọn télọ̀, obìnrin kan tó ń jó irin ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò mọ ìwé kà dáadáa ń tẹ ibi kan náà léraléra títí yóò fi yé e, kò sì sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ọdún 2021 ni ọ̀gá tuntun dé sí ẹ̀ka náà, tó ní àwọn fẹ́ yẹ gbogbo ẹ̀kọ́ wò, kí àwọn mọ èyí tó wúlò. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni iye ẹni tó parí, tó gba ìwé ẹ̀rí. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wọ ẹ̀kọ́ olóògbé, mẹ́rin ló ń parí. Wọ́n tún ní ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bóyá ó dùn mọ́ wọn. Ìparí ẹ̀kọ́ kejìlá ni wọ́n fi ìbéèrè náà sí. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó ti jẹun yó nìkan ni wọ́n ń bi pé ṣé oúnjẹ dé ẹ̀yìn. Àwọn mẹ́rin tó parí, púpọ̀ wọn ló ti ní oyè nílé. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ náà rọrùn jù, kí wọ́n fi ìwé kíkà kún un.

Olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù pe àwọn tó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó pè wọ́n. Oníṣẹ́ páìpù kan dá a lóhùn pé, "Màmá, igun ni mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n. Mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n tún jókòó kí ẹ máa kí mi kú oríire ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mú ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí ìpàdé.

Ọ̀gá ní, "Màmá, àánú yín pọ̀. Àmọ́ a ò lè fi àánú kọ ìjábọ̀. Ẹni tí kò parí kò parí."

Olóògbé ní, "Ẹni tó wọ ilé ìwòsàn, tí ara ẹ̀ yá, tó gba ilé ẹ̀ lọ, ṣé ẹ máa kọ ọ́ pé ó sá lọ ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí iye àwọn tó ń parí kò bá gòkè, àwọn á ti ẹ̀kọ́ náà pa.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó gé e kù sí mẹ́fà, àwọn ènìyàn á parí rẹ̀. Kò gbà. Ó ní ẹni tí kò bá dé ìkejìlá, àwòrán ẹlòmíràn ni yóò máa kà títí ayé. Ó kọ ìjábọ̀ mìíràn. Ó tún un kọ. Ó yí ọ̀rọ̀ náà padà bó ṣe máa ń yí ìbéèrè padà lórí àtẹ̀gùn, ó rò pé òun ni òun kò tíì bi wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ gun àtẹ̀gùn, kò sí bí o ṣe lè bi í.

Olóògbé jẹ́ ẹni tó ń sin Ọlọ́run. Ìjókòó ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni tirẹ̀ nílé ìjọsìn, níbi tó ti máa ń ka orin sétí àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé. Ní ọdún tó lò kẹ́yìn, ẹ̀kọ́ yẹn wà nínú àdúrà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Èsì tó rí kò jẹ́ kó wù ú láti mọ̀.

Àìsàn kíndìnrín dá a dùbúlẹ̀ ní ọdún 2023. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wò ó ní wọ́ọ̀dù, kò bi í nípa ilé, kò bi í nípa iṣẹ́.

"Ẹ̀kọ́ kejìlá ńkọ́?"

Káfíńtà ti dúró lórí ìkọkànlá láti ìgbà pípẹ́, nítorí pé iṣẹ́ ilẹ̀kùn ilé-ìwé kan dé. "Màá wò ó. Ṣé wọ́n ń lé mi ni?"

"Wọ́n ń lé ọ," ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ nítorí ìrora. "Ìwọ gan-an wà lára mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún tí wọ́n ní mo pàdánù."

Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ ń nu ojú rẹ̀ lọ́wọ́. Òkú rẹ̀ ṣì wà ní mọ́ṣúárì nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí fóònù láti gbọ́ ẹ̀kọ́ kejìlá. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ yìí kò sí mọ́. Ó pe ọ́fíìsì. Wọ́n ní kó má bínú, pé àwọn ti kó o kúrò, kò sì sí ẹ̀dà.

"Ohùn tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ohùn wo, sà?"

Òdòdó tí ọ́fíìsì náà fi ránṣẹ́ wà lẹ́nu géètì. Ibẹ̀ ni yóò wà. Bí ọ̀gá wọn bá wà láàárín wa lónìí, a kò lé e, kó jókòó. Kó má ṣáà dìde sọ̀rọ̀.

Olóògbé fi ọkọ rẹ̀ sáyé, àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ta oògùn, àti ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ iná, àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti ń to àwọn àbúrò rẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Bí wọn kò bá gbà á, ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ẹni tí ì bá kọ́ ọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é ni a fẹ́ lọ sin yìí. Ó tún fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ sáyé, tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọn kò parí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kan pósí tí ẹ rí níwájú yín. Ó wọn igi rẹ̀ bí ẹ̀kọ́ kẹta ṣe wí, ó sì wọn igun rẹ̀ bí ẹ̀kọ́ kẹfà ṣe wí. Ẹ má wulẹ̀ béèrè àwòrán rẹ̀. Kò yà á. Inú ìkejìlá ni wọ́n ti ń kọ́ni ní ìyẹn.

Sùn wọ̀ọ̀, Tíṣà Àtẹ̀gùn. Kí ilẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí Olúwa gbà ọ́ láìbi ọ́ pé mélòó ló parí. Ìsàlẹ̀ níbí la jókòó sí, kò sì sí ẹni tó ń bi wá ní ìbéèrè mọ́.