Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Tìtorí Ẹ̀ Mú Ẹ̀gbọ́n Rẹ

Ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ìránṣọ ńkọ́? Abẹ́rẹ́ kò ní gún ọ lọ́wọ́ o. Ara ìyá rẹ le díẹ̀, àmọ́ kò jẹun kánú láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n rẹ níbi tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń pariwo rẹfolúṣọ̀n lójú títì.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nígbà tí mo lọ dá kẹ̀kẹ́ Tíṣà tí mo tún ṣe padà fún un, mo bi í pé kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ náà, pé kí ìràwọ̀ yípo kó sì padà sáàyè ẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n wá ń fi pe kí ará ìlú dojú ìjọba dé. Mi ò gbọ́ ìyókù mọ́. Èmi tí mo ti ń tún táyà ṣe láti ogójì ọdún, ohun tó ń yí tó sì ń padà sáàyè ẹ̀, kí ló burú níbẹ̀?

Ni mo bá wọ ẹ̀wù mi tó dáa jù, mo lọ là á yé àwọn ọlọ́pàá, torí mo rò pé wọn ò mọ̀ ni. Ọ̀gá wọn gbọ́ mi dópin, kò jágbe mọ́ mi, ó ní kí n tẹ̀ka síwèé kan. Mo nu gírísì àtàǹpàkò mi kúrò kí ìwé ìjọba má baà dọ̀tí. Mo rò pé ìwé ìdásílẹ̀ ni, mo tiẹ̀ ní ṣé kí n tún un tẹ̀. Wọ́n fún mi ní ẹ̀dà ẹ̀, wọ́n kó bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ, bẹ́líìtì àti fóònù ẹ̀ fún mi nínú ọ̀rá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi ti ọ́fíìsì, mo rò pé ẹni tó ni bàtà ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ti ní kí wọ́n bá mi gba iná sí fóònù náà, torí òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń fi pè wá.

Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì ni wọ́n fi kọ ìwé yẹn. Tíṣà wò ó, ó ká a padà, ó ní ojú ń dun òun, kí n jẹ́ kí ìwọ kà á fún mi. Ó wà nínú lẹ́tà yìí, ọmọ mi. Mi ò tíì sọ fún ìyá rẹ pé ìwé kankan wà.

Jọ̀ọ́, fowó ọkọ̀ tí a ó fi lọ mú ẹ̀gbọ́n rẹ wá ránṣẹ́, ti ẹni méjì ní àlọ, ti ẹni mẹ́ta ní àbọ̀. Bí kò bá lè jókòó, a ó gbé e lé itan. A ò ní fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ wọn.

Ìwọ ni wàá sin mí, èmi ò ní sin ọ́. Àdúrà kan náà ni mo máa ń ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ.

Èmi ni,
Baba rẹ