Fọ́tò Inú Orí Kọ́lájọ

Ìlá Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án.

Olúwafọlákẹ́mi, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú iṣẹ́. Mo gbà pé ara rẹ le ní Kánádà níbẹ̀. Àwa náà wà láàyè. Òjò ni kò jẹ́ kí a rójú.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi. Fọ́tò tí o fi rán Dámisọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ sí Kọ́lájọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti dé láti oṣù Keje. Èmi ni mo gbà á, mo sì fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi.

Nígbà tí o wálé lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lo lò. O gba ẹ̀jẹ̀ Kọ́lájọ, o ní ìwọ àti àwọn tí ẹ jọ ń ṣe ìwádìí ní Kánádà ó sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀lì irú èyí tó wà nínú ọpọlọ, ẹ ó sì fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun bíńtín di ńlá yà á ní fọ́tò, kí ẹ lè mọ ohun tí àwọn kan jogún tí àìsàn ọpọlọ fi ń tètè mú wọn. O ní, "Bọ̀dá mi, àìsàn ni, kì í ṣe èpè." Láti ọjọ́ náà, orúkọ rẹ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá pàdé lọ́nà ọjà, á sọ fún un pé ìwọ fẹ́ wo inú orí òun, ẹ̀rù ò sì bà ọ́.

Ó dùn mí, Fọlákẹ́mi. Ọdún méjìlá ni mo ti ń mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo lóṣooṣù, kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti ń kúrò nílé. Èmi ni mo mọ̀ bó bá fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ará ilé Elijah ní Ìgbájọ fi ní ọmọ àwọn kò lè fẹ́ mi, pé wèrè wà nínú ìran wa. Ta ló ya ìyẹn ní fọ́tò? Nígbà tí mo rí àwọ̀ ewé àti pupa tó ń tàn nínú àwòrán náà, mo rò ó pé ìwọ ni yóò tún gba ìyìn. Owú ni. N kò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá fọ́tò ti dé, mo ń sọ pé rárá. Nígbà tó yá, ó ní ohun tí o rí níbẹ̀ ló burú tí o fi ń fi í pamọ́ fún òun. Ó kọ oúnjẹ, ó kọ oògùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó jáde láìwọ bàtà. Tàófíìkì ọlọ́kadà ló rí i lọ́nà Ìrèsì tó gbé e wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

Mo wẹ ẹsẹ̀ náà. Mo gbé fọ́tò jáde, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó wo àwòrán náà títí, kò bínú. Ó ní, "Àǹtí mi, tiyín ńkọ́? Ta ló ń wo inú orí tiyín?" Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Ó ti ń lo oògùn rẹ̀ padà.

N kò ní purọ́, owú náà kò tíì tán. Wálé ní oṣù Kejìlá. Má ra ẹ̀bùn. Ìwọ ni kí o mú un lọ sí Òṣogbo lóṣù náà, kí o jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi pe orúkọ rẹ̀, kí èmi sùn nílé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere.

Kí Olúwa ṣí ojú rẹ sí ohun tí ẹ ń wá, kí ó sì tètè di rírí, kí Kọ́lájọ lè jẹ nínú rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, àkọ́bí ìyá wa,
Zipporah.

Àfikún: Kọ́lájọ ti ka lẹ́tà yìí. Mo ní kí n pa ibi tí mo ti dárúkọ Elijah rẹ́, ó ní kí n fi í sílẹ̀.