Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Lọ Lọ́wọ́ Òfo

Bàbá mi, ẹni tí mo ṣì ń kí láràárọ̀ kí n tó jáde nílé,

N kò ní í béèrè àlàáfíà yín, nítorí n kò mọ ẹni tí yóò dá mi lóhùn. Ìròyìn ni mo mú wá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ó má jẹ́ pé Ràṣídì àbúrò mi ni yóò kọ́kọ́ rò ó fún yín nínú àdúà rẹ̀, nítorí ó mọ ibi tí yóò fò.

Ìyá wà láàyè. Apá òsì wọn kò tíì lè gbé nǹkan, wọn kò sì lè jókòó pẹ́. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ pè wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yín. Ẹ ní kí a gbé Ìyá lọ sí Ìwó, kí wọ́n lè fojú kan ẹ̀gbọ́n wọn, ẹnì kan ṣoṣo tí ó kù nínú àwọn tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Ẹ ní kí a wá ọkọ̀ onílé kan rà, èyí tí ó ní bẹ́ẹ̀dì nínú, kí ó tilẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀, kí Ìyá lè dùbúlẹ̀ délé. Gbogbo èyí dára. Lẹ́yìn náà ni ẹ wá fi ọ̀rọ̀ méjì bà á jẹ́. Ẹ ní kí gbogbo ẹrù ilé àti ti ìsọ̀ wà nínú tírélà kékeré tí ọkọ̀ náà yóò máa wọ́ lẹ́yìn, kí ẹrù àti olẹ́rù jọ wọ̀lú lójú ọ̀sán. Ẹ sì ní kí Ràṣídì yan ọkọ̀ náà, nítorí pé òun ni ọkùnrin.

Èmi ni àkọ́bí yín. Ẹ̀yin ni ẹ rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ máa ń fi àwòrán ọjọ́ tí mo jáde han àwọn oníbàárà yín ní Main Market Onitsha níbí kí ẹ tó tú aṣọ fún wọn. Kí ni ẹ rò pé mo lọ kọ́ níbẹ̀, Bàbá? Aṣọ rírán?

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹrù ti wá. Nígbà tí ará ilé wa kan bá ń padà sílé pátápátá, ẹ máa ń mú mi dání lọ sìn ín ní ibùdókọ̀. Ẹ kì í wo ojú onítọ̀hún; orí ọkọ̀ ni ẹ máa ń wò. Bí ẹrù bá kún, ẹ ó ti fìlà yín sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín. Bí kò bá kún, ẹ ó fà mí lọ́wọ́, a ó padà sílé. Àwọn ará ilé yóò ní Onitsha ti jẹ ẹ́ tán, ohun tí ẹ máa ń wí nìyẹn. Gbogbo wa tí a dàgbà ní ìdálẹ̀ yìí ni a gbé ìbẹ̀rù náà mì.

A lọ sí ọgbà àwọn tí ń ta ọkọ̀ ní Nkwelle Ezunaka. Ọkọ̀ onílé méjì ni a bá níbẹ̀. Ọ̀kan funfun, ó gùn, ó ń dán. Ó ní ibi ìdáná, balùwẹ̀ àti tẹlifíṣọ̀n. Èkejì kúrú, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì ń dún. Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo wọ abẹ́ àwọn méjèèjì. Irin abẹ́ èyí tí ó kúrú gbẹ, ó sì le. Abẹ́ èyí tí ó funfun ni wọ́n fi ọ̀dà dúdú tuntun kùn. Mo fi sípánà kàn án, ọ̀dà ṣí, irin sì ń rún wálẹ̀ bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Ara irin tí ó ti dógùn-ún yẹn gan-an ni wọ́n jó ìkọ́ tí yóò fa tírélà mọ́.

“Ràṣídì, ìkọ́ yìí kò lè di tírélà mú. Wá wò ó.”

“Àǹtí, ẹ dìde nílẹ̀ jàre. Àwọn èèyàn ń wò wá.”

Ẹni tí ń ta ọkọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. “Madam, abeg, na your broda I dey sell motor give. Enter inside go see kitchen.”

“Ẹ ò gbọ́ nǹkan tó wí? Ẹ lọ wo kíṣìnnì,” ni Ràṣídì wí. “Àbí ẹ fẹ́ ká gbé Ìyá wọ Ìwó nínú agolo sàdíìnì yẹn? Bàbá ní kí n yàn. Mo ti yàn.”

N kò bá a jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè: kí a kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà fa tírélà pẹ̀lú ẹrù kíkún, kí Ìyá tó wọ inú rẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ó fi gbà. Bẹ́ẹ̀dì onírin yín, àpótí gíláàsì ìsọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ àti jẹnẹrétọ̀, ìdí tírélà ni ó kó gbogbo wọn sí, nítorí pé àwọn ni ó fẹ́ kí ará Ìwó kọ́kọ́ rí bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Mo sọ fún un pé bí ẹrù bá wúwo lẹ́yìn, tírélà yóò máa jù bí ìrù ajá. Ó ní kí n gbàdúrà.

Lójú ọ̀nà Okpoko, níbi tí omi òjò kò tíì fà, tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í jù. Mo jókòó ti Ràṣídì. Mo ní kí ó má tẹ bíréèkì lójijì. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìkọ́ ya kúrò tòun ti irin tí wọ́n jó o mọ́. Tírélà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gorí àtẹ ata kan tí olóhun ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò nídìí rẹ̀, ó sì ṣubú sínú omi. Àwọn ará Okpoko bá wa wọ inú ẹrẹ̀. “Ndo, nne, ndo,” ni wọ́n fi ń kí mi pẹ̀lẹ́. Gbogbo aṣọ ìsọ̀ yín, tí ẹ máa ń gbóòórùn kí ẹ tó rà, ti ṣí àwọ̀ sí ara wọn.

Bí ẹ bá rò pé níbẹ̀ ni ìbínú mi wà, ẹ ṣì í. Mo dá ọkọ̀ funfun padà, mo gba èyí tí ó kúrú, mo pààrọ̀ táyà rẹ̀, mo sì tún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dè títí kò fi dún mọ́. Ìyá kọ̀, wọn kò wọ̀ ọ́.

“Ìyá, ẹ̀gbọ́n yín ń retí yín.”

“Kí ni mo fẹ́ gbé wọlé? Ọwọ́?”

“Ara yín ni, Ìyá.”

“Bàbá yín ti sọ̀rọ̀. Àfi tó bá fúnra rẹ̀ wá yí i padà. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n kú síbí.”

Dókítà ti sọ fún mi pé ọjọ́ Ìyá kò pọ̀ mọ́. Kò sọ fún wọn. Èémí wọn ń kúrú sí i. Ẹ̀gbọ́n wọn ń pè wá láti Ìwó lójoojúmọ́, ó ń béèrè bóyá a ti dé Benin.

Kí ló dé, Bàbá, tí ẹ fi ẹrù so obìnrin tí ó ti ń bá yín ru ẹrù láti ìgbà èwe mọ́lẹ̀? Ojú ta ni ẹ ń wò? Ṣé àwọn tí ẹ ń bẹ̀rù ẹnu wọn ṣì wà láyé? Ẹ̀yin fúnra yín, aṣọ funfun nìkan ni a fi gbé yín lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ kú. Mo wò yíká. Kò sí ẹni tí ó béèrè ẹrù yín.

Nítorí náà, mo parọ́ mọ́ yín. Láàárọ̀ òní, bí mo ti ń fún Ìyá ní ògì, mo sọ fún wọn pé ẹ wá bá mi lójú oorun. Mo ní ẹ wọ bùbá búlúù yín, ẹ sì ní kí wọ́n máa lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ ti yọ̀ǹda wọn. Wọ́n béèrè bí ojú yín ti rí. Mo ní ẹ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n sunkún títí ògì fi tutù, wọ́n sì ní kí n wá bàtà wọn.

N kò tíì lá àlá yín rí láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ẹ kò wá. Ọ̀la, lẹ́yìn àdúà àsùbáà, èmi ni n ó wa ọkọ̀ náà. Ràṣídì yóò jókòó ti Ìyá lẹ́yìn. Ọ̀nà jìn, Ìyá yóò sì sùn. Ẹ má wá bá wọn lójú oorun. Bí ẹ kò bá lè sọ ohun tí mo ti fi sí yín lẹ́nu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́ bí ẹ ti ń dákẹ́ bọ̀.

Èmi ni,
àkọ́bí yín, tí ó fẹ́ràn yín, tí kò sì tíì dárí jì yín.