Òkúta Ààrò Bàbá

Ilé Uelese,
Abúlé Sataua,
Savaii, Samoa.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2017.

Lafaele, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Auckland? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti le dáadáa lẹ́yìn ìbímọ? Ṣé ọmọ tuntun ń jẹ́ kí ẹ sùn? Gbogbo wa níbí ń mí, a dúpẹ́. Má bínú pé o kò gbúròó mi. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni kò jẹ́ kí n mọ ohun tí n óò kọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti mú ọwọ́ ọ̀tún Bàbá, Petelo ọkọ mi ló ń dáná ààrò olókùúta, tó ń to oúnjẹ sórí òkúta gbígbóná. Ohun tí n kò sọ fún ọ lórí fóònù ni pé láti ọjọ́ náà, Bàbá kò fẹnu kan oúnjẹ ààrò mọ́. Bí mo bá gbé kókò àti ẹja síwájú rẹ̀, á ní òun ti yó. Tíì àti bisikíìtì ló ń jẹ. Ó rù débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti wo èjìká rẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bọ́ abúlé kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bọ́ òun.

Àná ni Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ọmọdé. Petelo fẹ́ kí àsè ilé wa yọ ju ti àwọn yòókù lọ. Ọmọ ìgboro Apia ṣáà ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òkúta Bàbá ti gbó, ó fi wọ́n mọ ògiri ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, ó sì lọ ṣa òkúta bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ wá láti inú odò. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà, tí à ń to òdòdó. Nígbà tí iná wá mú wọn, ọ̀kan bú gbàù, òmíràn tẹ̀lé e. Petelo sá wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tí a ti pa nìkan ni kò sá.

Ìgbà tí mo sáré délé, Bàbá ni mo bá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ibi tí kò tíì dé láti ọdún tó kọjá. Ó kọ́kọ́ bi Petelo bóyá nǹkan kan ṣe é. Lẹ́yìn náà ló ní, "Omi máa ń wà nínú òkúta odò, ọmọ mi. Ṣé ẹnìkan ò sọ fún ẹ rí ni?"

Petelo ní, "Bàbá, ta ni ì bá sọ fún mi? Ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bàbá lára. Ó jókòó, ó ń fi ọ̀pá júwe òkúta rẹ̀ lára ògiri ẹlẹ́dẹ̀, Petelo ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́ ọ láti máa tẹ́tí sí wọn: bí òkúta bá ṣì ń dún pẹ́pẹ́ nínú iná, kò tíì tó, bó bá dákẹ́, kí ó tẹ́ ẹ, kí ó to oúnjẹ lé e, kí ó fi ewé bò ó. Wọ́n kúkú ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Oúnjẹ pẹ́ o, àwọn ọmọ sì ti ń sunkún ebi kí a tó tú ààrò. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, àwọn ọmọ la kọ́kọ́ bù fún lórí ẹní. Bàbá fi ọwọ́ òsì bu kókò àti ẹran sórí ewé kan, ó gbé e sí ìkángun ẹní níbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Ọmọbìnrin mi kékeré béèrè pé ta ló ni ín.

Bàbá ní, "Ti Lafaele ni. Ọmọ mi lòun náà."

Àwọn ọmọ jẹun tán, eṣinṣin fẹ́ máa bà lé e. Mo fẹ́ gbé e kúrò, Bàbá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Fi sílẹ̀. Màá bá a jẹ ẹ́." Àbúrò mi, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì lá ewé rẹ̀. Ilé ìdáná ni mo ti lọ sunkún.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì fẹnu ko ọmọ wa lẹ́nu. Petelo kí ọ. Ìpéǹpéjú rẹ̀ tí iná ààrò jó yóò hù padà. Bàbá ní kí n bi ọ́ bóyá iyọ̀ tó nínú oúnjẹ rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ,
Fuatai