Orúkọ Tí Sàrátù Kò Pè

Ilé Alóbì,
Ìjòkú, Ṣàgámù.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Tawfiq, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Ṣé òtútù ìlú òyìnbó yẹn kò mú ọ jù? Àwa ńkọ́, a wà, alihamdulilahi. Kareemat ọmọ rẹ ti ń pààrọ̀ eyín. Má bi mí pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni n ó máa sun, n kò sì ní lè sọ ọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ ni. Ìwé tí ẹ kọ, pé kí ìjọba ibẹ̀ sọ Sàrátù di ọmọ ìlú nítorí pé ìyàwó rẹ ni, ló gbé èmi àti òun dé ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn l'Ékòó lóṣù tó kọjá. Àwa méjèèjì la pinnu pé a kò ní rò ó fún ọ títí èsì ó fi dé, kí o má baà máa ṣe àìsùn. O mọ ohun tó ń kọ wọ́n lóminú: ọdún mẹ́fà tí ẹ ti ṣe ìgbéyàwó, oṣù méje péré lẹ fi gbé pọ̀. Wọ́n ní ká mú ìwé iná tó ní orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wá. Ìwé iná kẹ̀? Tiwa ṣì wà lórúkọ bàbá bàbá rẹ tó ti kú! Bí wọn kò bá sì gbà pé ìgbéyàwó òtítọ́ ni, wọn ó pa fáìlì dé, ẹ ó sì máa wo ara yín lórí fóònù lọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí n jókòó síta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú, ògbufọ̀ wọn, ọmọ Yorùbá, ló rò ó fún mi nígbà tó sìn wá jáde. Obìnrin òyìnbó kan ló ń béèrè ọ̀rọ̀. Sàrátù dáhùn geere, àfi ìgbà tí wọ́n bi í ní orúkọ àbúrò rẹ. Ó ní Dúdúyẹmí. Wọ́n wo fọ́ọ̀mù tí o kọ, Kàmọ́rù ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìwọ náà ṣá! O to orúkọ gbogbo wa sílẹ̀, o kò ronú pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní kó pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó mi orí pé rárá. Wọ́n ní bí kò bá pè é, a jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ sì parí. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ni, n kò lè la orúkọ mọ́ ọn lórí. Ẹ fún mi ní bírò."

Ojú ìwé méjì ni ọmọ yìí kọ. Gbogbo ará ilé wa ló wà níbẹ̀, orúkọ wọn àti èyí tí òun ń pè wọ́n. Ó kọ ọ́ pé Dúdúyẹmí kì í fẹnu kan ẹ̀wà. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kì í fi etí òsì gbọ́ràn, apá ọ̀tún ni kí èèyàn dúró sí. Ó kọ tèmi náà: "Màmá: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀. Ẹ dúró tì wọ́n títí wọn ó fi gbé e mì." Háà! Èmi tí mo rò pé kò mọ̀ pé mo máa ń tu ú dànù.

Wọ́n wá mú un lọ sí yàrá mìíràn, wọ́n pe èmi wọlé. Wọ́n ní ta ni Dúdúyẹmí? N kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín: ṣebí Kàmọ́rù àbíkẹ́yìn mi ni! Gbogbo ohun tí wọ́n bi mí ló bá ìwé rẹ̀ mu. Òyìnbó yẹn bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní òun kò tíì rí ìyàwó tó mọ ilé ọkọ tó báyìí.

Tawfiq, láti kékeré ni mo ti ń ṣa obì, èyí tó bá ní kòkòrò kì í bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wo ọmọ yìí, n kò rí kòkòrò kankan. Mo yìn ín, mo tún yìn ín. Láàárọ̀ yìí ni ìwé dé: wọ́n ti gbà.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ fi ayọ̀ rí ara yín, kí ó má ṣe fi ohunkóhun yà yín mọ́. Bí òun àti Kareemat bá dé, fi ọwọ́ méjèèjì gbà wọ́n.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Ìdíátù Alóbì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Kí n tó dìde lọ́jọ́ náà, òyìnbó yẹn bi mí bóyá ara mi á gbà á bí Sàrátù bá lọ. Mo ní á gbà á, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Nínú gbogbo ohun tí a sọ lọ́hùn-ún, èyí nìkan ni irọ́. Má sọ fún un o.