Ìdílé Adégòkè ti Ìlọrà Kì í Ṣe Ayédèrú Òṣìṣẹ́

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Agboolé Adégòkè,
Ìlọrà,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìrànwọ́ fún Àwọn Tó Ń Ṣe Ẹ̀yà Ẹ̀rọ Oníná Nílé,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ORÚKỌ MÁRÙN-ÚN TÍ Ẹ NÍ KÒ SÍ

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ìrìn alákàn, mo sì máa ń pẹ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ. Kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo dé ní Fìdítì kí àìsàn tó dá bàbá mi gúnlẹ̀. Bébà mẹ́ta ni mo ti bà jẹ́ lórí lẹ́tà yìí.

Ìyàwó tuntun ni mí ní ilé Adégòkè. Oṣù keje rèé tí wọ́n gbé mi wálé. Ọkọ mi kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ínfátà, ẹ̀rọ tí ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ní Ìbàdàn. Ó ní kọ́ìlì inú rẹ̀, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé jọ, ló máa ń jó jù, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń kó o wá. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ tó ń fi òwú kó irun fún oníbàárà. Ó rí bí òwú dúdú náà ṣe ń to ara rẹ̀ mọ́ irun láìfi àyè sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi fi wáyà ṣe é." Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo obìnrin ilé yìí ló mọ irun kó. Èmi náà ti mọ̀ ọ́n láti Fìdítì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ìyanu iṣẹ́ yìí kò tíì kúrò lójú mi. Wáyà bàbà náà kò nípọn ju fọ́nrán irun lọ. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìgbà ni à ń wé e mọ́ ike tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Bí a bá wé ọgọ́rùn-ún, a ó yọ igi ìṣáná kan sílẹ̀ kí iye rẹ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú. Ní oṣù kẹjọ, ọkọ mi mú mi dání lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Ìwàré, ó fẹ́ lọ so ínfátà fún wọn. Kí ó tó pa á dé, ó nawọ́ sí kọ́ìlì kan nínú rẹ̀, ó ní, "Tìrẹ nìyẹn." Ó tẹ bọ́tìnì. Fìríìjì tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ sí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Mo gbé ọwọ́ lé e, ó ń tutù bọ̀. Iná tí n kò lè fojú rí ń gba ojú ọ̀nà tí ìka mi là fún un, kò sì ṣìnà.

Nígbà tí a gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ ran àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀yà yìí nílé lọ́wọ́, pé ẹni tí ẹ bá gbà wọlé kò ní san owó bodè lórí wáyà mọ́, pé ẹ ó fún un ní ẹ̀rọ tí ń wé wáyà, àti pé àwọn tó ń to ínfátà pọ̀ ní Ìbàdàn yóò máa ra kọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣe ni Màmá kúnlẹ̀ láàárín yàrá. Èmi ń rò ó lọ́kàn mi pé, ṣé ìjọba mọ̀ pé a wà ni?

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí ọkọ mi ti kọ̀wé béèrè, òṣìṣẹ́ yín, Ọ̀gbẹ́ni Uthman, wá bẹ̀ wá wò láìsọ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ilé ti lọ síbi ìsìnkú ní Awẹ́. Èmi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, mo ń yí àwọn kọ́ìlì tí a kùn ní fánísì, ọ̀dà tí ń mú wáyà le, kí wọ́n lè gbẹ. Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọn kọ́ìlì kan, ó wò mí, ó tún wọn òmíràn. Ó ní, "Ìyàwó, ọwọ́ èèyàn ló ṣe èyí?" Mo ní, "Ọwọ́ wa ni, sà." Ó ṣí fìlà. Bí mo bá di arúgbó, n kò ní gbàgbé fìlà yẹn.

Lẹ́yìn náà ló gbé fọ́ọ̀mù fún mi pé kí n kọ orúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kí wọ́n kéré tó. Orúkọ tí ó wù mí ni mo fún kálukú lẹ́yìn ìgbéyàwó, òun ni mo sì ń pè wọ́n. Mo mú bírò, mo fẹ́ kọ orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n, ọwọ́ mi kọ̀ jálẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n dúró lẹ́yìn mi, tí wọ́n ń wò mí. Mo ní, "Sà, ṣé kí n kọ ọ́ bí mo ṣe ń pè wọ́n?" Òjò ti ṣú, ojú ọ̀run ló ń wò. Ó ní, "Kọ ọ́, ìyàwó, kí òjò má baà ká mi mọ́ Fìdítì." Mo kọ Olówó-Orí Mi, Màmá Wa, Eyínfúnjowó, Adúmáadán àti Akọ̀wé, mo wá kọ orúkọ tèmi sí ìsàlẹ̀. Kò wò ó. Ó ki fọ́ọ̀mù náà sínú àpò ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó ní kí ẹnì kan gbé e wá sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú kọ́ìlì mẹ́wàá.

Lẹ́tà yín ti ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹwàá sọ pé kọ́ìlì wa yege. Ó ní ṣùgbọ́n orúkọ márùn-ún kò sí nínú ìwé ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, pé a fẹ́ fi ayédèrú òṣìṣẹ́ gba ohun tí kì í ṣe tiwa, àti pé bí a kò bá wí tẹnu wa kí oṣù kọkànlá yìí tó parí, ẹ ó yọ wá kúrò pátápátá. Ẹ kò to orúkọ náà sínú lẹ́tà, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yìí àfi èmi. Ọkọ mi ní ẹ ó ti fi àyè wa fún ẹlòmíràn báyìí, òun kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. N kò tíì jẹ́wọ́. Àbúrò ọkọ mi ọkùnrin tó gbé àpò ìwé náà lọ sí Ìbàdàn ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní ó ti sọ ọ́ nù lọ́nà, ó wá lọ kọ ìkọkúkọ sínú òmíràn. Ọkọ mi sọ fún un lójú gbogbo wa pé, "Ohun tí àwọn obìnrin fi ìka ṣe, o ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́." Láti ọjọ́ náà kì í bá wa jẹun mọ́, ó sì ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ máa gun ọ̀kadà ní Ọ̀yọ́. Òun ló ń dán kọ́ìlì wa wò. Ojoojúmọ́ ni mo ń wo àpò ẹrù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn.

Síbẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo ní ẹ̀sùn tí mo fi kàn yín. Àṣìṣe tèmi ni orúkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò padà wá wò. Òṣìṣẹ́ yín rí àpótí ìjókòó mẹ́fà, ó rí kọ́ìlì tó lé ní irínwó. Èèyàn kan kò lè dá a wé. Ẹ jókòó sí Ìbàdàn, ẹ pe ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ní ayédèrú. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹ fi ìwé náà han ìyàwó ilé kan ṣoṣo ní ọ́fíìsì yín ni, ẹ̀rín ni ì bá kọ́kọ́ rín, ì bá sì sọ fún yín pé ìyàwó ló kọ ọ́.

Mo ti ń sún ibi tó kàn yìí síwájú. Kí àwọn ará ilé ọkọ mi foríjì mí.

Olówó-Orí Mi ni Olúdáre Adégòkè, ọkọ mi, tó dá iṣẹ́ sílẹ̀.
Màmá Wa ni Ìyábọ̀dé Adégòkè, ìyá ọkọ mi, tó kọ́ gbogbo wa ní wíwé.
Eyínfúnjowó ni Ẹ̀bùnolúwa Adégòkè, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Wáyà tó tínínrín jù ni tirẹ̀.
Adúmáadán ni Ìyìnolúwa Adégòkè, àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó ń kun fánísì.
Akọ̀wé ni Jùwọ́nlọ Adégòkè, àbúrò ọkọ mi ọkùnrin, tó gbé àpò ìwé wá sọ́dọ̀ yín.

Mo ti kọ ọ́. Àjà kò já lé mi lórí. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn wà nínú bébà kejì tí mo so mọ́ èyí, mo dà á kọ láti inú fáìlì ọkọ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orúkọ wa padà sínú ètò náà. Ẹ rán ẹnì kan wá lọ́jọ́ tí gbogbo wa bá wà nílé, kó kà wá lórí ìjókòó. Kí ẹ sì kọ ìwé mìíràn sí Màmá pé ẹ kò pe àwọn ọmọ wọn ní ayédèrú mọ́. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ká wáyà mọ́ tó kù wá kù kò ju ọ̀kan àbọ̀ lọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ tẹ̀ lé ìkọ̀wé mi wọ́gọwọ̀gọ dé ìhín.

Èmi ni tiyín, tí mo ń wo ọ̀nà yín láti Ìlọrà,

Ìbùkúnolúwa Adégòkè
Ìyàwó ilé àti ọ̀kan nínú àwọn tó ń wé kọ́ìlì.

Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa, mo tún ṣí i padà. Ẹ má fi èsì yín ránṣẹ́ sí èmi nìkan, gbogbo ilé ni kí ẹ kọ ọ́ sí. N kò sì fẹ́ kó jẹ́ ìwé ìjọba ni yóò kọ́kọ́ sọ fún wọn, èmi fúnra mi ni n ó sọ ọ́. Màmá ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. Mo ti dáhùn. Gbogbo wọn wà níbẹ̀ báyìí, àti ẹni tó ń di ẹrù náà. Ẹ jẹ́ kí n lọ kí àyà mi tó já, kí n sọ fún wọn pé kò jẹ̀bi, pé èmi ni mo kọ orúkọ wọ̀nyẹn.