Ọkọ Mi Ló Ń Bá Mi Tọ́ Kéèkì Wò

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọpọlọ. Ẹ bò mí láṣìírí o, ẹ ṣáà pè mí ní Ìyá Oníkéèkì.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti dín sísanra kù, kò sì padà wá. Ẹni tó bá gbìyànjú ẹ̀ rí mọ̀ pé ká dín in kù kọ́ ni iṣẹ́, kó má padà ni iṣẹ́. Ọgbọ́n tèmi ò le: mi ò tọ́ kéèkì tí mò ń ṣe tà wò mọ́. Ọkọ mi ló ní, "Ìyàwó mi, fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Áà! Gbogbo ẹrù tí mo sọ̀ ni ọkọ mi gbé rù. Bọ́tìnnì ṣòkòtò wọn ò dé ibi ihò mọ́, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Lánàá, wọ́n ní kí n máa tọ́ ọ wò padà, kí àwọn náà lè fúyẹ́. Mo ní kò jọ ọ́!

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni ká wá gbé ṣíbí fún báyìí? Olóòtú, àsìkò ètò yín lórí rédíò ni mo máa ń yọ kéèkì lórí iná, mo sì mọ ẹni tó máa ń dúró tì mí pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, tí òun náà ń gbọ́ yín.

Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀.